Jẹjẹrẹ ilé-ẹyin àti àrùn iṣan lára ẹnì kan ṣoṣo: kí ni iṣẹ́-abẹ yóò dúró dè?

Ìbéèrè: Màmá mi jẹ́ ẹni ọdún 61, ìwọ̀n wọn jẹ́ 65 kg. Ó ti tó oṣù mẹ́rin tí wọn ò ti lè gbé apá sókè wé gèlè, wọn ò sì lè dìde lórí àga láìfọwọ́ tì. Ìpéǹpéjú wọn wú, ó dúdú, oríkèé ìka wọn sì sú. Dókítà ní dermatomyositis ni, àrùn tó ń mú iṣan àti awọ. Wọ́n ti ń lo oògùn sitẹ́rọ́ọ̀dù tó ń jẹ́ prednisolone, 60 mg lójúmọ́, láti ọ̀sẹ̀ mẹ́fà. Síkáànì wá fi jẹjẹrẹ ilé-ẹyin hàn báyìí, omi sì wà nínú ikùn. Oníṣẹ́-abẹ fẹ́ yọ ọ́ láàárín ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Dókítà oògùn oorun, ẹni tó máa mú wọn sùn fún iṣẹ́-abẹ, ní kí iṣan kọ́kọ́ le. Ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin gbọ́ pé prednisolone kì í jẹ́ kí ojú ọgbẹ́ jiná, wọ́n ní ká dá a dúró. Nọ́ọ̀sì ni mí, àmọ́ ẹ̀ka ìgbẹ̀bí ni mo wà, ọ̀rọ̀ yìí sì ti kọjá mi. Ta ni ká gbọ́ tirẹ̀? Ṣé màmá sì lè máa mu àgbo wọn lọ?

Ìdáhùn: Ẹ kú ìtọ́jú màmá, ẹ kú ìdààmú náà. Ọ̀rọ̀ ẹ̀gbọ́n yín ni ká kọ́kọ́ mú, torí òun ló lè ṣe jàǹbá kíákíá jù. Kí ẹnikẹ́ni má dá prednisolone màmá dúró o, ì báà jẹ́ fún ọjọ́ kan. Àlàyé rẹ̀ ń bọ̀ nísàlẹ̀.

Ní ti àwọn dókítà méjèèjì, òótọ́ wà lẹ́nu tọ̀tún tòsì, àmọ́ ọ̀rọ̀ oníṣẹ́-abẹ ló wúwo jù. Nínú àgbàlagbà mẹ́wàá tó bá ní dermatomyositis, bí ẹni méjì ni jẹjẹrẹ máa ń wà lára wọn. Ọdún mẹ́ta ṣáájú àìsàn náà àti ọdún mẹ́ta lẹ́yìn rẹ̀ ni ewu yìí pọ̀ jù, ọdún àkọ́kọ́ ló sì burú jù nínú wọn. Jẹjẹrẹ ilé-ẹyin wà lára èyí tó máa ń bá a rìn jù lọ. Ohun tó ń ṣẹlẹ̀ ni pé àwọn ọmọ-ogun ara dìde sí jẹjẹrẹ, wọ́n wá ń ṣi iṣan àti awọ mú fún ọ̀tá. Tí kókó jẹjẹrẹ náà bá ṣì wà nínú ikùn, ogun náà kì í sábà parí, bó ti wù kí prednisolone pọ̀ tó. Ẹni tó bá ní dandan kí iṣan le tán kí wọ́n tó gbé ọ̀bẹ lè dúró títí jẹjẹrẹ á fi tàn dé ibi tí ọ̀bẹ ò ní lè dé mọ́.

Ṣùgbọ́n dókítà oògùn oorun ò bẹ̀rù lásán. Apá àti ẹsẹ̀ tó rọ kọ́ ló ń já wọn láyà. Ọ̀fun, èémí àti ọkàn ni. Tí mẹ́ta yìí bá dúró dáadáa, iṣẹ́-abẹ lè lọ bí màmá ò bá tilẹ̀ lè dá dìde lórí àga. Tí ọ̀kan nínú wọn ò bá dáa, ẹ wí fún oníṣẹ́-abẹ kó sún ọjọ́ síwájú díẹ̀ tàbí kó gba ọ̀nà mìíràn, tí mo máa mẹ́nu bà. Nítorí náà, ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tí wọ́n fún yín kì í ṣe ọ̀sẹ̀ ìjókòó. Iṣẹ́ wà nínú rẹ̀.

Ẹ bẹ̀rẹ̀ láti ọ̀fun, torí ẹ lè yẹ̀ ẹ́ wò nílé lónìí. Kí màmá jókòó ṣánṣán, kí ẹ fún wọn ní ṣíbí omi kan tàbí méjì lákọ̀ọ́kọ́. Tí wọ́n bá gbé e mì wẹ́rẹ́, ẹ fún wọn ní 90 ml, kí wọ́n mu ún tán láìdúró, kí ẹ sì bá wọn sọ̀rọ̀ lẹ́yìn náà. Tí wọ́n bá húkọ́, tí omi bá gba imú jáde, tàbí tí ohùn wọn bá ń dún bí ẹni tí omi wà lọ́fun, iṣan ọ̀fun ti lọ́wọ́ sí i nìyẹn. Irú ọ̀fun bẹ́ẹ̀ lè jẹ́ kí oúnjẹ tàbí itọ́ gba ọ̀nà ẹ̀dọ̀fóró lọ, nílé àti ní tíátà. Òkèlè wa tún dá kún un: èbà, àmàlà àti iyán kì í ṣe ohun tí à ń rún lẹ́nu, iṣan ọ̀fun nìkan ló ń tì í wọlé, iṣan ọ̀hún ló sì ń ṣàìsàn yìí. Ẹ pa òkèlè tì fún ìgbà díẹ̀. Ògì tó ki, kọ́sítádì, mọ́ínmọ́ín rírọ̀, ẹ̀wà tí a lọ̀ kúnná, ẹyin lílù, gbogbo rẹ̀ ní ìwọ̀nba díẹ̀díẹ̀, pẹ̀lú ìjókòó ṣánṣán fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú lẹ́yìn oúnjẹ. Tí èyí náà bá ń há, ẹ má bá wọn jà: ọ̀pá oúnjẹ tó gba imú wọlé fún ọ̀sẹ̀ méjì ṣáájú iṣẹ́-abẹ sàn ju kí màmá wọ tíátà pẹ̀lú ebi àti ẹ̀dọ̀fóró tó ti gba oúnjẹ sára. Ẹni tó rù kọjá bó ṣe yẹ kì í jiná bọ̀rọ̀, pàápàá lórí sitẹ́rọ́ọ̀dù.

Lẹ́yìn ìyẹn ni èémí. Ẹ ní kí wọ́n ṣe àyẹ̀wò FVC fún màmá, ìyẹn ìwọ̀n afẹ́fẹ́ tí wọ́n lè fẹ́ síta lẹ́ẹ̀kan lẹ́yìn tí wọ́n bá mí kanlẹ̀. Kí wọ́n ṣe é ní ìjókòó, kí wọ́n tún ṣe é ní ìdùbúlẹ̀. Tí ti ìdùbúlẹ̀ bá fi ju ìdámẹ́rin lọ kéré sí ti ìjókòó, iṣan tó pààlà àyà àti ikùn ti rẹ̀, omi inú ikùn yẹn sì tún lè máa tì í sókè. Nígbà mìíràn, kí wọ́n fa omi náà díẹ̀ nìkan ti tó láti mú èémí gbòòrò. Tí FVC bá sún mọ́ 20 ml fún kílò kan, èyí tó jẹ́ bíi lítà 1.3 fún màmá, kí wọ́n má gbé wọn wọ tíátà láìsí bẹ́ẹ̀dì ní wọ́ọ̀dù ìtọ́jú àkànṣe. Nílé, ẹ ní kí wọ́n mí kanlẹ̀, kí wọ́n máa ka óókan, eéjì, ẹẹ́ta lọ láìmí mọ́, kí ẹ kọ ibi tí wọ́n ka a dé sílẹ̀ láràárọ̀. Oǹkà wa máa ń gùn lẹ́nu lẹ́yìn ẹẹ́wàá, torí náà ẹ má fi wé iye tí ìwé òyìnbó sọ. Ẹ fi tòní wé tàná. Ohun mìíràn tó ń sọ òótọ́ ni ọrùn. Tí màmá bá dùbúlẹ̀ tí wọn ò lè gbé orí kúrò lórí ìrọ̀rí kí wọ́n sì dá a dúró fún ìṣẹ́jú-àáyá mélòó kan, ẹ ka iṣan èémí náà mọ́ ohun tó yẹ kí ẹ fura sí.

Síkáànì àyà tó dára ṣe pàtàkì pẹ̀lú, torí irú àrùn yìí lè mú kí ẹ̀dọ̀fóró fúnra rẹ̀ le gbagidi. Ibi tí àyẹ̀wò áńtíbọ́dì, ìyẹn ohun ìjà tí ọmọ-ogun ara ń tú sínú ẹ̀jẹ̀, ti wúlò gan-an nìyí. Anti-TIF1-gamma àti anti-NXP2 ń tọ́ka sí jẹjẹrẹ. Anti-MDA5 àti anti-Jo-1 ń tọ́ka sí ẹ̀dọ̀fóró. Tí MDA5 bá jáde, ọ̀rọ̀ yí padà, torí ẹ̀dọ̀fóró ẹni bẹ́ẹ̀ lè dẹnu kọlẹ̀ láàárín ọ̀sẹ̀ díẹ̀. Ní ti ọkàn, ECG (àyẹ̀wò bí ọkàn ṣe ń lù) àti echo (síkáànì ọkàn) tó, pẹ̀lú troponin, àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ tó ń fi hàn bóyá iṣan ọkàn ń bàjẹ́. Ẹ rí i dájú pé troponin I ni wọ́n ṣe. Troponin T àti CK-MB lè ga láti ara iṣan apá àti ẹsẹ̀ tó ń wò sàn, kí wọ́n sì máa pariwo pé ọkàn ti bàjẹ́ nígbà tí kò rí bẹ́ẹ̀.

Àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ mìíràn tún wà tó ń tan oníṣẹ́-abẹ jẹ. AST àti ALT tí gbogbo èèyàn mọ̀ mọ́ ẹ̀dọ̀ wà nínú iṣan náà. Nínú àrùn iṣan, méjèèjì lè ga láìjẹ́ pé nǹkan kan ṣe ẹ̀dọ̀, wọ́n á sì rò pé jẹjẹrẹ ti dé ẹ̀dọ̀. GGT, àyẹ̀wò ẹ̀dọ̀ mìíràn, ni kí wọ́n fi dá a mọ̀, torí iṣan kì í gbé òun sókè. Creatinine, tí wọ́n fi ń mọ bí kíndìnrín ṣe ń ṣiṣẹ́, tún ń tàn wá lọ́nà kejì: iṣan ló ń ṣe é, nígbà tí iṣan bá sì ti joro, iye rẹ̀ á kéré, kíndìnrín á dà bí èyí tó lágbára ju bó ṣe rí lọ. Ẹ fi èyí sọ́kàn, a ó padà bá a níbi oògùn kẹ́mò. Ní ti CK, èyí tó ń jò látinú iṣan tó bàjẹ́ sínú ẹ̀jẹ̀, iye tí ọ̀pọ̀ ilé-àyẹ̀wò kọ sórí ìwé wá láti ara àwọn òyìnbó. Obìnrin adúláwọ̀ tó dá ṣáṣá lè ní nǹkan bí 400. Iṣẹ́-abẹ fúnra rẹ̀, àti abẹ́rẹ́ tí wọ́n gún sínú ìdí, máa ń gbé CK sókè fún ọjọ́ díẹ̀. Torí náà, kí wọ́n yé gún màmá ní abẹ́rẹ́ iṣan nígbà tí ojú iṣan dríìpù wà, kí ẹnikẹ́ni má sì ka CK ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ lẹ́yìn iṣẹ́-abẹ sí pé àrùn ti padà.

Ó wá kan prednisolone. Lórí kíndìnrín kọ̀ọ̀kan ni ẹṣẹ́ kékeré kan jókòó sí tó ń ṣe cortisol, sitẹ́rọ́ọ̀dù tí ara fúnra rẹ̀ ń ṣe láti fi kojú wàhálà. Ẹni tó bá ti lo prednisolone 5 mg tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ lójúmọ́ fún ọ̀sẹ̀ mẹ́rin, ẹṣẹ́ náà lè ti sùn. Pẹ̀lú 60 mg fún ọ̀sẹ̀ mẹ́fà, ẹ kà á sí pé ti màmá ti sùn fọnfọn. Lọ́jọ́ iṣẹ́-abẹ ńlá, ara tó dá máa ń ṣe cortisol tó 75 sí 150 mg. Ti màmá ò ní lè ṣe é. Bí oògùn bá já lójú ọ̀nà, ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ á já wálẹ̀, dríìpù ò ní gbé e dìde, ṣúgà á lọ sílẹ̀, èébì á bẹ̀rẹ̀. Àwọn tó wà níbẹ̀ á máa wá ibi tí ẹ̀jẹ̀ ti ń dà nínú ikùn, bẹ́ẹ̀ cortisol ni kò sí.

Bí wọ́n ṣe máa ń ṣe é nìyí. Ní àárọ̀ ọjọ́ náà, kí màmá fi omi díẹ̀ gbé prednisolone wọn mì bí ìṣe. Nígbà tí oorun bá fẹ́ gbé wọn, hydrocortisone 100 mg wọ ojú iṣan. Lẹ́yìn ìyẹn, 200 mg nínú dríìpù fún wákàtí 24, tàbí 50 mg ní wákàtí mẹ́fà mẹ́fà níbi tí ẹ̀rọ tó ń ka dríìpù kò bá sí. Kí dókítà oògùn oorun má fi etomidate mú wọn sùn, torí oògùn yẹn ń ti ilẹ̀kùn ẹṣẹ́ náà pa. Títí dé ibí, ọ̀pọ̀ ilé-ìwòsàn mọ̀ ọ́n ṣe.

Ọjọ́ kejì ni ọ̀rọ̀ máa ń bàjẹ́. Lórí ṣáàtì oògùn, wọ́n ti kọ prednisolone 60 mg láti ẹnu, níwájú bẹ́ẹ̀dì wọ́n sì ti kọ pé aláìsàn ò gbọdọ̀ jẹ, kò gbọdọ̀ mu. Nọ́ọ̀sì òru á fa ìlà sójú oògùn pé òun ò fún un, hydrocortisone ti parí lẹ́yìn wákàtí 24, kò sì sí ẹni tó mọ̀ títí ilẹ̀ á fi mọ́. Ẹ̀yin gan-an ni kí ẹ máa ṣọ́ èyí. Prednisolone 5 mg bá hydrocortisone 20 mg dọ́gba, ó bá methylprednisolone 4 mg àti dexamethasone 0.75 mg dọ́gba pẹ̀lú. Ìyẹn ni pé 60 mg màmá jẹ́ hydrocortisone 240 mg. Hydrocortisone 200 mg tó pọ̀ fún ẹlòmíràn dín díẹ̀ sí èyí tí iṣan màmá ti mọ́ra. Kò burú fún ọjọ́ kan tàbí méjì. Tí wọn ò bá tíì lè gbé nǹkan mì lẹ́yìn rẹ̀, kí wọ́n fún wọn ní methylprednisolone 48 mg lójúmọ́ láti ojú iṣan títí ẹnu á fi ṣí. Kò sí ìdí láti sọ 60 mg di ìlọ́po méjì. Ó ti tó fún wàhálà iṣẹ́-abẹ. Tí ẹ bá ti rí i dín kù sí bíi 15 mg kí ọjọ́ náà tó dé, nígbà náà ni wọ́n á sọ ọ́ di 30 mg fún wákàtí 48, tàbí títí dé ọ̀sẹ̀ kan, kí wọ́n tó dá a padà.

Òtítọ́ kan wà nínú ohun tí ẹ̀gbọ́n yín gbọ́. Tó bá ti ju 15 sí 20 mg lọ lójúmọ́, ojú ọgbẹ́ kì í tètè pàdé, àkóràn ń pọ̀ sí i, ibi tí wọ́n bá rán ìfun pọ̀ sì lè já. Ohun tó yẹ ni pé kí wọ́n fi oògùn mìíràn ràn án lọ́wọ́ kí prednisolone lè máa rọra wálẹ̀. Fún màmá, IVIG, ìyẹn dríìpù áńtíbọ́dì tí wọ́n kó jọ látinú ẹ̀jẹ̀ ọ̀pọ̀ ènìyàn, ni mo máa mú ṣáájú gbogbo wọn. Kì í pa ọmọ-ogun ara mọ́lẹ̀, kì í dá ojú ọgbẹ́ dúró, kò sì ń fún jẹjẹrẹ láyè. Nínú ìwádìí ProDERM tó jáde ní 2022, 79 nínú ọgọ́rùn-ún àwọn tó gbà á ló sàn dé ìwọ̀n kan lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ 16, nígbà tí ti àwọn tó gba omi lásán jẹ́ 44. Ọ̀fun tó ń há sì wà lára ohun tí wọ́n sábà máa ń torí rẹ̀ lo IVIG. Ìwọ̀n rẹ̀ ni 2 g fún kílò kan, èyí tó jẹ́ 130 g fún màmá, tí wọ́n bá pín in sí ọjọ́ márùn-ún, 26 g lójúmọ́. Ìgò oní-10 g mẹ́tàlá nìyẹn, owó rẹ̀ sì le gan-an ní Nàìjíríà, kò sì sí ọ̀nà tí mo lè gbà sọ ọ́ kó rọrùn. Tí owó ò bá ká a, ẹ ná an sórí ẹni tí ọ̀fun tàbí èémí rẹ̀ ń yọnu. Tó bá jẹ́ apá àti ẹsẹ̀ nìkan ló rọ, iṣẹ́-abẹ lè lọ láìsí i.

Ewu IVIG ni ẹ̀jẹ̀ dídì, jẹjẹrẹ ilé-ẹyin pẹ̀lú sì máa ń mú ẹ̀jẹ̀ dì. Kí wọ́n fún màmá lómi dáadáa, kí dríìpù náà máa rìn pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, kí ó sì ti parí ní bí ọ̀sẹ̀ kan ṣáájú iṣẹ́-abẹ. Kí ó tó bẹ̀rẹ̀, ẹ gba ẹ̀jẹ̀ fún gbogbo àyẹ̀wò áńtíbọ́dì àti hepatitis B. Áńtíbọ́dì ẹgbẹẹgbẹ̀rún ènìyàn ló wà nínú ìgò yẹn. Tí ẹ bá gba ẹ̀jẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀, hepatitis B lè jáde bí ẹni pé màmá ti ní i rí.

Tí ẹnikẹ́ni bá dábàá methotrexate, oògùn mìíràn tó ń pa ọmọ-ogun ara mọ́lẹ̀, nísinsìnyí, ẹ rán wọn létí omi inú ikùn. Methotrexate máa ń wọnú omi bẹ́ẹ̀, á fara pamọ́ síbẹ̀, á máa jò padà sínú ẹ̀jẹ̀ díẹ̀díẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọjọ́. Ẹnu á bó, ẹ̀jẹ̀ funfun á wálẹ̀, nígbà tí ojú ọgbẹ́ ṣì tutù. Azathioprine àti mycophenolate, tí àwọn náà ń pa ọmọ-ogun ara mọ́lẹ̀, kò yẹ fún ẹni tí jẹjẹrẹ ṣì wà lára rẹ̀. Rituximab, oògùn mìíràn irú wọn, lè dúró di ẹ̀yìn.

Nítorí pé prednisolone ti pọ̀ lára màmá, àwọn nǹkan kan wà tí kò ṣe é fojú fò nílẹ̀ wa. Hepatitis B pọ̀ láàárín wa. Tó bá wà, oògùn rẹ̀ bíi entecavir tàbí tenofovir gbọ́dọ̀ bẹ̀rẹ̀. X-ray àyà fún ikọ́ ẹ̀gbẹ. Aràn Strongyloides tó ń gba àtẹ́lẹsẹ̀ wọlé lè dákẹ́ nínú ìfun fún ogún ọdún, kó wá ya sínú gbogbo ara lọ́jọ́ tí sitẹ́rọ́ọ̀dù bá pa ọmọ-ogun ara mọ́lẹ̀. Ivermectin 12 mg, ọjọ́ kan tàbí méjì, ló ń yanjú rẹ̀, àmọ́ tí màmá bá ti gbé inú igbó tí aràn ojú wà, kí wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ wọn wò lọ́sàn-án fún Loa loa kí wọ́n tó lo ó. Co-trimoxazole 480 mg lójúmọ́ ń dènà àkóràn ẹ̀dọ̀fóró kan tó máa ń bá àwọn tó ń gba prednisolone 20 mg lọ sókè. Ṣúgà ẹ̀jẹ̀: ẹ wọ̀n ọ́n lọ́sàn-án àti lálẹ́, torí prednisolone àárọ̀ kì í sábà gbé ṣúgà àárọ̀ sókè, ọ̀sán ló ti ń fi ara hàn.

Ní tíátà, igi gogoro má gùn mí lójú, òkèèrè la ti ń wò ó. Ẹ bá dókítà oògùn oorun sọ̀rọ̀ ní ọ̀sẹ̀ kan ṣáájú, kí ó má jẹ́ ní àárọ̀ ọjọ́ náà. Nínú àwọn oògùn tó ń mú iṣan rọ fún iṣẹ́-abẹ, kí wọ́n yẹra fún suxamethonium, torí iṣan tó ń ṣàìsàn lè tú pòtásíọ̀mù sínú ẹ̀jẹ̀ lójijì kí ọkàn sì dúró. Rocuronium ló sàn, ṣùgbọ́n díẹ̀ lè pẹ́ gan-an lára iṣan tó rọ, nítorí náà kí wọ́n fi ẹ̀rọ tó ń ta iṣan ọwọ́ wò bó ṣe ń padà, kí wọ́n má sì yọ ọ̀pá èémí kó tó dé 0.9 lórí ẹ̀rọ náà, ó kéré tán. Sugammadex ló ń tú u ká kíákíá jù: 2 mg fún kílò kan tí iṣan bá ti ń mira díẹ̀, 4 mg tó bá ṣì sùn wọra. Tí kò bá sí, neostigmine ṣiṣẹ́, àmọ́ tí wọ́n bá kánjú lò ó kí iṣan tó jí dáadáa, kò ní ṣe nǹkan kan. Tí ọ̀fun màmá kò bá dáa, wọ́n lè nílò rocuronium púpọ̀ lẹ́ẹ̀kan kí ọ̀pá lè tètè wọlé, nígbà náà sugammadex gbọ́dọ̀ wà nílẹ̀ tàbí kí ẹ̀rọ tó ń báni mí ṣófo ní wọ́ọ̀dù ìtọ́jú àkànṣe.

Ẹ̀yin tí ẹ wà ní ẹ̀ka ìgbẹ̀bí mọ ohun tí magnesium sulphate ń ṣe sí èémí. Ó ń fi kún agbára rocuronium bákan náà. Gentamicin, tí wọ́n fẹ́ràn láti fún èèyàn ṣáájú iṣẹ́-abẹ ikùn, ń ṣe bẹ́ẹ̀ pẹ̀lú. Kí wọ́n lo cefazolin 2 g àti metronidazole dípò rẹ̀. Abẹ́rẹ́ ẹ̀yìn tó ń pa ìrora dára gan-an, ó ń dín morphine kù, tí kò bá ti gòkè débi tó máa mú iṣan àyà.

Ọ̀nà mìíràn tí mo ní mo máa mẹ́nu bà ni pé kẹ́mò lè ṣáájú. Tí èémí tàbí ọ̀fun màmá kò bá gba iṣẹ́-abẹ ní báyìí, tàbí tí jẹjẹrẹ bá ti tàn ju ohun tí wọ́n lè yọ tán, wọ́n á gé díẹ̀ wò láti rí i dájú, wọ́n á sì fún wọn ní carboplatin àti paclitaxel lẹ́ẹ̀mẹta, ọ̀sẹ̀ mẹ́ta mẹ́ta, kí wọ́n tó yọ ọ́. Ìwádìí ńlá méjì, ti 2010 àti ti 2015, fi hàn pé ẹ̀mí kì í tipa bẹ́ẹ̀ kúrú fún àwọn tí jẹjẹrẹ ilé-ẹyin wọn ti tàn. Lọ́pọ̀ ìgbà, iṣan á bẹ̀rẹ̀ sí í le láàárín ìgbà yẹn, torí jẹjẹrẹ ń sún kì. Tí mo bá wo omi inú ikùn yẹn, mi ò rò pé ẹ gbọ́dọ̀ kúrò lọ́dọ̀ oníṣẹ́-abẹ láìbéèrè èyí. Creatinine tí mo sọ wá wọlé níbí: iye carboplatin jẹ́ AUC (ìwọ̀n tí wọ́n fẹ́ kí oògùn náà dé nínú ẹ̀jẹ̀) ní ìlọ́po agbára kíndìnrín tí a ti fi 25 kún. Tí creatinine màmá bá jẹ́ 0.4 torí iṣan ti joro, ìṣirò á fún wọn ní oògùn tó pọ̀ jù. Ìlànà ni pé kí wọ́n fi 0.7 mg/dl ṣírò ó kéré tán, kí agbára kíndìnrín tí wọ́n lò má sì ju 125 ml ní ìṣẹ́jú kan lọ. Dexamethasone tí wọ́n ń fún aláìsàn kí paclitaxel tó wọlé, kí wọ́n kà á mọ́ sitẹ́rọ́ọ̀dù ọjọ́ náà.

Lẹ́yìn iṣẹ́-abẹ, ọjọ́ méjì àkọ́kọ́ yẹ kó jẹ́ ibi tí nọ́ọ̀sì ti ń rí màmá lójú gbogbo ìgbà. Kí wọ́n jókòó, kí wọ́n má sùn gbalaja. Èémí kíkún mẹ́wàá ní wákàtí kọ̀ọ̀kan tí wọ́n bá jí. Kí wọ́n tún fi omi dán ọ̀fun wò kí oúnjẹ àkọ́kọ́ tó wọlé, bí ó tilẹ̀ dára tẹ́lẹ̀. Enoxaparin, abẹ́rẹ́ tó ń dènà ẹ̀jẹ̀ dídì, 40 mg lójúmọ́, kí ó sì tó ọjọ́ 28, kí ẹnikẹ́ni má dá a dúró torí pé màmá ti délé. Sitẹ́rọ́ọ̀dù máa ń bo ibà àti ìrora mọ́lẹ̀: ìfun lè máa jò, kí ikùn ṣì rọ̀, kí ara má gbóná, ẹ̀jẹ̀ funfun sì ti ga tẹ́lẹ̀ nítorí prednisolone. Lílù ọkàn ni ẹ máa ṣọ́. Tó bá ń gòkè láti 80 sí 100 sí 115 láìsí ìdí kan pàtó ní ọjọ́ kẹta sí ìkeje, ẹ béèrè síkáànì, ẹ má dúró de ibà. Kí òwú ojú ọgbẹ́ pẹ́ ju ti ẹlòmíràn lọ, ọjọ́ mẹ́rìnlá tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, kí téèpù má sì fa awọ wọn tó ti fẹ́lẹ́ ya.

Nígbà tí ojú ọgbẹ́ bá ti jiná tí agbára sì ń padà, kí wọ́n máa dín prednisolone kù ní bí ìdámẹ́rin lọ́sẹ̀ méjì sí mẹ́rin. Tí CK bá ti dára ṣùgbọ́n itan ṣì rọ, prednisolone fúnra rẹ̀ lè ti ń jẹ iṣan. Àdínkù ni oògùn rẹ̀, kì í ṣe àfikún. Tí ọwọ́ àti ẹsẹ̀ bá ń kú tipiri lẹ́yìn kẹ́mò, paclitaxel ni kí ẹ fura sí; àrùn iṣan kì í mú kí ìka kú tipiri. Ṣùgbọ́n tí ìpéǹpéjú bá tún wú, tí apá tún kọ̀ láti gòkè lẹ́yìn oṣù díẹ̀ tí gbogbo rẹ̀ ti lọ, kí wọ́n ṣe CA-125, àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ fún jẹjẹrẹ ilé-ẹyin, àti síkáànì kí wọ́n tó fi oògùn kún oògùn, torí jẹjẹrẹ lè ti padà. Ẹni tó bá sì fẹ́ fún wọn ní oògùn jẹjẹrẹ tó ń ru ọmọ-ogun ara sókè lọ́jọ́ iwájú gbọ́dọ̀ mọ̀ pé wọ́n ti ní dermatomyositis rí, torí ó lè dá a padà, ó sì lè mú iṣan ọkàn.

Ní ti àgbo: ó yẹ kó dúró báyìí, kó tó ọ̀sẹ̀ méjì ó kéré tán ṣáájú iṣẹ́-abẹ. Egbòogi kan wà tó ń mú ẹ̀jẹ̀ dà, òmíràn ń lu kíndìnrín, àwọn tó ń tà á sì máa ń po prednisolone tàbí dexamethasone mọ́ ọn nígbà mìíràn kó lè ṣiṣẹ́ kíákíá. Bẹ́ẹ̀ náà ni ìpara, tí wọ́n bá ń fi pa ojú tó dúdú yẹn. Clobetasol, sitẹ́rọ́ọ̀dù alágbára kan, pọ̀ nínú wọn, awọ sì ń gbé e wọ inú ara. Ẹ má bá màmá jà lé e lórí, kí wọ́n má baà máa mu ún ní kọ̀rọ̀. Ẹ kó ìgò àgbo, oògùn kẹ́míìsì àti ike ìpara gbogbo sínú ọ̀rá kan, kí ẹ gbé e lọ fún dókítà oògùn oorun lọ́jọ́ tí ẹ bá lọ rí wọn.